Sírájúdéènì Jórinjórin àti Oògùn Inú Rọ́bà Ọrùn Ẹ̀

Bí ẹ bá gba Ṣàngó wọ Ọ̀tà, tí ẹ wá yà sí ọ̀nà Ìdìrókò, òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ó máa rí lọ́tùn-ún lósì. Ẹ ó rí gbọ̀ngàn tó fẹ̀ débi pé ẹni tó jókòó lẹ́yìn kò lè rí ojú oníwàásù àfi nínú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ó rí yunifásítì tí géètì ẹ̀ ń dán. Ẹ má wulẹ̀ rò pé àdúrà nìkan ló gbé gbogbo páànù yẹn sókè o. Irin ló gbé e, ẹnì kan ló sì jó irin náà pọ̀ mọ́ra. Púpọ̀ nínú ẹ̀, àbúrò mi ló jó o, Sírájúdéènì, Mùsùlùmí paraku. Àwọn ará Joju, àdúgbò wa, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá dé àlùjánnà, wọ́n á ní kó kọ́kọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà àwọn Kìrìsìtẹ́ẹ́nì lọ gba ẹ̀san iṣẹ́ ẹ̀. Á kàn rẹ́rìn-ín ni. Ó ní ilé tí wọ́n ti ń pe Ọlọ́run ni gbogbo ẹ̀, kó ṣáà má wó pa ẹnikẹ́ni.

Èmi ni Àdìzát, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá ọmọ bàbá. Ike ni mo ń tà ní ọjà Ṣàngó, àwọn ike tí ilé iṣẹ́ kọ̀ sílẹ̀ torí pé ó wọ́ díẹ̀ tàbí pé àwọ̀ ẹ̀ kò dọ́gba, èyí tí àwa ọlọ́jà ń pè ní rìjẹ́ẹ̀tì. Mo lẹ́nu. Gbogbo ọjà ló mọ̀ mí mọ́ ọn. Ohun tó bá wà nínú mi kì í sùn síbẹ̀. Sírá ni kò lẹ́nu, láti kékeré ni. Bí ẹ bá bu ọbẹ̀ tí iyọ̀ pọ̀ nínú ẹ̀ fún un, á jẹ ẹ́ tán, á dúpẹ́, á wá lọ máa mu omi lẹ́yìn ilé. Ìyá wa a máa sọ fún un pé ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Á ní òun ti gbọ́. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Ìgbà tí àwọn ìjọ ńlá yẹn ń ra ilẹ̀, tí yunifásítì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, ni iṣẹ́ dé fún gbogbo jórinjórin tó wà ní Ọ̀tà. Àwa Àwórì tó nilẹ̀ ń ta ilẹ̀, àwọn àlejò ń kọ́lé, ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa gbé ń yọ lọ́tùn-ún lósì. Sírá kò rí ilẹ̀ kankan tà, torí bàbá wa ti ta tiwọn tán kí ilẹ̀ tó lówó lórí. Ọwọ́ ẹ̀ ló ní. Kì í jí irin oníṣẹ́, kì í parọ́ ọ̀la fún ẹni tó gbéṣẹ́ fún un, bí ọjọ́ Jímọ̀ bá sì pé, á lọ kírun, á padà wá gun àkàbà. Àwọn pásítọ̀ fẹ́ràn ẹ̀ ju àwọn ọmọ ìjọ tiwọn lọ. Ó gbé Fàtímọ̀ níyàwó, wọ́n bí Ràfátù, ó sì bẹ̀rẹ̀ ilé tiẹ̀ ní Ìjù.

Ìgbà yẹn náà ni ọkùnrin kan tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ wá bá a pé kó wá jó géètì àti ọgbà irin gbogbo oko òun. Iṣẹ́ ńlá ni, iṣẹ́ tí ì bá fi kan òrùlé ilé ẹ̀. Sírá ní òun kò lè ṣe é. Kì í ṣe ìyẹn ló bí mi nínú o. Ẹni tí kò bá fẹ́ sún mọ́ ẹlẹ́dẹ̀, kó má sún mọ́ ọn. Ohun tó bí mi nínú ni pé kò sọ ìdí ẹ̀. Ó sọ fún ọkùnrin yẹn pé ẹ̀yìn ń dun òun. Ọkùnrin náà gbà á gbọ́, ó tún ra òróró ìpara wá bẹ̀ ẹ́ wò. Mo bi í pé ṣé kò lẹ́nu ni. Ó ní ọkùnrin náà kò ṣẹ òun, ẹlẹ́dẹ̀ yẹn ló fi ń tọ́mọ, òun kò fẹ́ kó lọ sílé kó máa rò pé òun ka iṣẹ́ ẹ̀ sí ẹ̀gbin. Mo pòṣé. Òróró yẹn wà nínú ìsọ̀ ẹ̀ títí, kò ṣí i.

Orí fífọ́ ni àìsàn ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń wo iná irin látàárọ̀ dalẹ́, tí oòrùn ń pa á lórí páànù, orí á fọ́ ọ, àwa ò kà á sí. Oògùn ìrora ló ń gbé mì bí ẹni ń jẹ gúgúrú, kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bá òun fínra. Nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ wú tí kò lè wọ bàtà, tí ojú náà ń wú bó bá jí, a gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ní kíndìnrín méjèèjì ti kú, pé ẹ̀rọ ni yóò máa bá a fọ ẹ̀jẹ̀ láti ìgbà náà lọ. Fàtímọ̀ bú sẹ́kún. Sírá dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Ẹ gbọ́ mi o, wọ́n sọ fún un pé kíndìnrín ẹ̀ ti kú, ó ní ẹ ṣé gan-an.

Kí ẹ̀rọ tó lè fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde, kó sì rí ọ̀nà padà. Wọ́n ti rọ́bà kan bọ iṣan ńlá ọrùn ẹ̀, rọ́bà náà gba inú lọ títí dé ẹ̀gbẹ́ ọkàn. Ẹnu ẹ̀ méjì ló yọ síta láyà, tí wọ́n fi báńdéèjì bò. Ẹnu kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde lọ sínú ẹ̀rọ, èkejì ń gbé èyí tí wọ́n ti fọ̀ wọlé. Rọ́bà àkọ́kọ́ yìí kò tíì pẹ́ lára ẹ̀ tó fi padà sídìí irin. A sọ̀rọ̀ títí ẹnu wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Eruku irin àti òógùn wọ abẹ́ báńdéèjì, kòkòrò bá rọ́bà wọlé. Bí wọ́n ṣe so ó mọ́ ẹ̀rọ ni gbogbo ara ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, eyín ń lu eyín, ibùsùn ń mì. Díẹ̀ ló kù kó kú mọ́ wa lọ́wọ́. Wọ́n yọ rọ́bà yẹn. Wọ́n fi òmíràn sí itan ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dì, ó dí i. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí apá ẹ̀ kí wọ́n lè máa gba ibẹ̀ gún un, iṣan apá kò gbà. Nígbà tí wọ́n fi èyí tó kẹ́yìn sí apá òsì ọrùn, ó pẹ́ kí dókítà tó rí ọ̀nà. Ó jáde wá bá èmi àti Fàtímọ̀, ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́ ẹ̀.

"Màmá," ó ní, "èyí ló kù o. Bó bá dí, mi ò mọ ibi tí mo tún lè gbà wọlé sí wọn lára."

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀mí àbúrò mi ti wà nínú rọ́bà. Gbogbo wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun náà mọ̀. Ó ti ìsọ̀ ẹ̀ pa, ó kó irin iṣẹ́ ẹ̀ fún Àyìndé tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀. Fàtímọ̀ ya gbogbo bùbá Sírá níwájú, ó rán bọ́tìnnì mọ́ ọn, kí ó má baà máa gba orí wọṣọ kó fi fa rọ́bà yọ. Bó bá fẹ́ wẹ̀, òun ló ń fi aṣọ tútù nù ún lára, kò jẹ́ kí omi kán sí àyà ẹ̀.

Ẹni tó tún ń ṣọ́ rọ́bà yẹn jù wá lọ ni nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Ọmọ́wùnmí. Ìjọ ló gbé òun àti ọkọ ẹ̀ wá sí Ọ̀tà. Ọkọ ń bá ìjọ tẹ̀wé, ìyàwó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kékeré tí Sírá ti ń fọ ẹ̀jẹ̀. Òun ló ṣàlàyé fún wa pé ẹ̀jẹ̀ tó bá dúró sójú kan á dì, pé kòkòrò náà sì fẹ́ràn ibi tí nǹkan bá ti dúró sójú kan. Bí ẹ̀rọ bá ti ṣe tán, á fi omi iyọ̀ ṣan ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú rọ́bà, á wá fi sìríńjì rọ oògùn sí i kó kún dé ẹnu. Oògùn méjì ló pò pọ̀ nínú ẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ hẹpárìnì, òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Èkejì ń pa kòkòrò. Lẹ́yìn náà á fún ẹnu rọ́bà pa, á dé e lọ́mọrí. Oògùn á wà níbẹ̀ títí Sírá á fi padà wá, wọ́n á fà á jáde dànù kí wọ́n tó so ó mọ́ ẹ̀rọ. Lọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é. Ó kìlọ̀ fún wa pé bí ibà bá tilẹ̀ mú un tí a gbé e lọ síbòmíràn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba ẹnu rọ́bà yẹn fa omi sí i lára. Ọ̀rọ̀ náà tètè yé Sírá. Ó ní bí òun ṣe ń ti gáàsì òun náà nìyẹn bí iṣẹ́ bá parí, pé ẹni tó bá fi gáàsì sílẹ̀ láìtì, ilé ló fẹ́ jó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Ọmọ́wùnmí ṣe ṣe sí i, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí fífọ ẹ̀jẹ̀ bá bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀, á tètè dé ṣáájú àwọn yòókù, á so Sírá mọ́ ẹ̀rọ kó tó so ẹnikẹ́ni, kó lè bá ìrun. Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Bó bá ń dé ẹnu rọ́bà lọ́mọrí, á máa gbàdúrà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lábẹ́ ìbomú ẹ̀, ní orúkọ Jésù tiẹ̀, Sírá á ní àmín. Mo ti fi ìyẹn bú u rí, mo ní ó ń ṣe àmín kiri. Ó ní ẹni tó bá ń tọrọ ẹ̀mí gígùn fún ọ, kí ló dé tí wàá ní kó tọrọ ẹ̀ lọ́nà míràn. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí wa ní Joju náà kò fi í sílẹ̀. Àfáà Rauf, tí wọ́n ń ṣe lèmọ́mù wa, máa ń dìde lẹ́yìn ìrun láti tọrọ sàráà fún ìtọ́jú ẹ̀, àwọn èèyàn á sì mú un wá.

Lórí àga tó kángun sí tiẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Bọ̀wálé ń jókòó. Yunifásítì ló gbé òun náà wá, kẹ́místírì ló ń kọ́ àwọn ọmọ, kíndìnrín tiẹ̀ náà ti lọ. Aláwàdà ni. Òun ló ń mú kí ẹ̀rín wà nínú yàrá tí àwọn èèyàn ti ń wo ẹ̀jẹ̀ ara wọn tó ń lọ tó ń bọ̀. Ó sọ Sírá ní Lèmọ́mù. Èmi kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ìgbà tó pẹ́ ni Sírá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi, ṣùgbọ́n ibí yìí ló yẹ kí n sọ ọ́ sí. Wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ oúnjẹ tí dókítà ní kí wọ́n má jẹ. Sírá ní ti òun rọrùn, òun ti mọ́ ọn lára láti kékeré pé àwọn nǹkan kan kì í ṣe fún jíjẹ. Ni Bọ̀wálé bá bú sẹ́rìn-ín.

"Lèmọ́mù, ẹ má ṣe bí ẹni mímọ́ sí wa lára níbí o," ó ní. "Ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ hẹpárìnì tí wọ́n ń rọ sí wa lára. Èmi àti ẹ̀yin, ọbẹ̀ kan náà la jọ ń lá."

Sírá bá a rẹ́rìn-ín. Bọ̀wálé kò ní ibi kankan nínú, mo búra, bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn ṣe nìyẹn. Òótọ́ ló sì sọ, mo ti béèrè. Bí Ọmọ́wùnmí ṣe dé pẹ̀lú sìríńjì nìyẹn, ó rọ oògùn sí rọ́bà, ó gbàdúrà, Sírá ní àmín, ó sì dìde lọ sílé. Ó ní láti ibẹ̀ dé Joju, ńṣe ni òun ń gbọ́ òórùn oko ẹlẹ́dẹ̀ yẹn nímú. Ó wẹ ọwọ́, ó wẹ ẹsẹ̀, ó dúró lórí ẹní láti kírun, ó tún kúrò lórí ẹní lọ wẹ ọwọ́. Ó ń ronú gbogbo ìrun tó ti kí láti ìgbà tí rọ́bà ti wà lára ẹ̀. Ó ń ronú sàráà àwọn ará mọ́ṣáláṣí, pé kí lòun á wí fún wọn pé òun fi rà.

Ta ló yẹ kó bá sọ̀rọ̀? Ẹ sọ fún mi. Àfáà Rauf ń gbé lójúlé kejì sí wa. Ọmọ́wùnmí wà níwájú ẹ̀. Èmi tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wà láyé, mi ò tíì kú. Abéèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n Sírá ni. Ó rò ó pé bí òun bá bi Àfáà, tí Àfáà ní kò dára, òun á ti gbọ́, kò tún ní sí ọ̀nà àbáyọ. Ó rò ó pé bí òun bá sọ fún Ọmọ́wùnmí, ó dà bí ẹni tó sọ fún un pé ohun tó ń fi ṣe òun lóore, èérí ni. Bó ṣe padà lọ síbẹ̀, ó ní oògùn yẹn ń yún òun lára, pé ó tún ń dì mọ́ òun láyà bó bá ti wọlé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn dídùn náà ni. Ọmọ́wùnmí gbà á gbọ́ bí ọlọ́sìn ẹlẹ́dẹ̀ ṣe gbà á gbọ́. Ẹ̀rù bà á, ó sáré pe dókítà. Dókítà bi Sírá léèrè dáadáa, òun náà fi iyọ̀ sí i, ó ní ètè òun tilẹ̀ wú lálẹ́ àná. Dókítà ní ara tó bá kọ oògùn, wọn kì í fipá mú un. Ó ní oògùn míràn wà tí wọ́n fi ń ti rọ́bà àwọn tí ara wọn kò gba hẹpárìnì, kò sí lọ́dọ̀ àwọn, òun á ní kí wọ́n bá òun wá a ní Èkó. Kí wọ́n ṣì máa fi omi iyọ̀ àti oògùn kòkòrò tì í ná. Inú Ọmọ́wùnmí kò dùn sí i. Ó sọ fún èmi gan-an pé omi iyọ̀ kò lágbára láti dènà ẹ̀jẹ̀ dídì, pé kí a máa gbàdúrà. Mo bi Sírá bí oògùn ṣe ń yún un. Ó wò mí lójú, ó ní ó ń yún òun gidi ni.

Ẹ wá wo nǹkan. Ara àbúrò mi wá yá gágá. Ó padà sí ìlà iwájú ní mọ́ṣáláṣí. Ó ń bá Ràfátù ṣeré. Ó tilẹ̀ rìn lọ sídìí ilé ẹ̀ ní Ìjù, ó ń wo ibi tí òrùlé máa jókòó sí. Èmi ń yọ̀, mo ń sọ lọ́jà pé Ọlọ́run ti gbọ́ tiwa, mo fi abọ́ ike ta àwọn ọmọdé lọ́rẹ. Mi ò mọ ohun tí mò ń yọ̀ sí.

Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ sọ. Ó ń pariwo pé ẹ̀jẹ̀ kò wá tó. Ọmọ́wùnmí á ní kí Sírá yí ọrùn, kó wúkọ́, kó nà gbalaja, ẹ̀jẹ̀ á tún wá díẹ̀. Nígbà tó tún lọ, ó ṣòro ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oògùn Èkó kò tíì dé, ẹni tí wọ́n rán ní wọ́n ń retí ọjà. Ọmọ́wùnmí wá bẹ Sírá pé kó jẹ́ kí àwọn fi hẹpárìnì díẹ̀ dán an wò, kí òun jókòó tì í, kí òun máa wo ara ẹ̀. Sírá ní kó má bínú, ara òun kò gbà á. Ó tún bá a dárò pé iṣẹ́ òun pọ̀ fún un. Àárọ̀ ọjọ́ kan, Ọmọ́wùnmí fa ẹnu kìíní rọ́bà, kò sí nǹkan. Ó fa èkejì, ẹ̀jẹ̀ dídì dúdú tíńtín ló tẹ̀ lé sìríńjì jáde, bí okùn tó ti rà. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú ẹ̀, ó lọ pe dókítà.

Dókítà rọ oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì sí i, a dúró. Ó tún rọ ọ́, a tún dúró. Rọ́bà kò ṣí. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Èkó. Wọ́n ya fọ́tò inú àyà ẹ̀, wọ́n ní àwọn iṣan ibẹ̀ ti fún pọ̀. Wọ́n tún dán itan kejì wò, kò ṣeé ṣe. Wọ́n bá wa sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì yé àwa náà. A gbé Sírá padà sí Ọ̀tà, wọ́n fún un ní ibùsùn ní ilé ìwòsàn kékeré yẹn, wọ́n fa afẹ́fẹ́ sí i nímú. Rọ́bà tó ti dí ṣì wà láyà ẹ̀. Kò sí ẹni tó lọ́kàn láti fà á yọ.

Ọ̀sán ni mo wà lọ́dọ̀ ẹ̀, mo ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Omi ti kún ara ẹ̀, ojú ẹ̀ ti wú tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ là. Ó dì mí lọ́wọ́ mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, oògùn yẹn kò yún mi lára," ó ní. "Ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é."

Ó wá sọ gbogbo ẹ̀ fún mi, ó ń sinmi láàárín, látorí àwàdà Bọ̀wálé títí dé orí irọ́ tó pa fún dókítà. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún Ọmọ́wùnmí. Mo bínú. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o, mo bínú sí ẹni tó ń kú lọ. Mo ní Sírá, o pa mí, o pa Fàtímọ̀, o pa ọmọ rẹ, torí kí inú nọ́ọ̀sì má baà bà jẹ́. Omijé ń bọ́ lójú ẹ̀, mi ò dákẹ́. Ìgbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, mo kó gèlè mi, mo wọ ọ̀kadà, ó di ọ̀dọ̀ Àfáà Rauf. Ìyẹn náà ń dùn mí dòní, pé ariwo ni mo kọ́kọ́ fi dá a lóhùn.

Àfáà ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun Àsárì tán ni. Mo ro ẹjọ́ fún wọn lórí ìdúró. Wọn kò bi mí ní ìbéèrè kankan, wọ́n wọ bàtà, wọ́n tẹ̀ lé mi. Wọ́n jókòó ti Sírá, wọ́n gbé ọwọ́ lé e níwájú orí. Ọmọ́wùnmí wà nínú yàrá, ó fẹ́ jáde fún wa, Àfáà ní kó dúró.

"Ọlọ́run tó ní ká má jẹ ẹlẹ́dẹ̀," Àfáà ní, "Òun náà ló sọ pé ẹni tí ìnira bá fipá mú, tí kì í ṣe pé ó wù ú, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ẹ̀. Sírájúdéènì, oògùn tí ò ń wí yìí, òun ni wọ́n gún fún ìyá mi nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dì sí wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n fi ṣe é fún mi. Èmi ni mo ní kí wọ́n gún un."

Mo mọ ìyá yẹn. Wọ́n ń ta àádùn ní iwájú mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ṣì ń tà á báyìí tí mò ń sọ̀rọ̀.

Afẹ́fẹ́ ń hó nímú Sírá. Ọmọ́wùnmí ti lóye ohun tó ṣẹlẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń wo ilẹ̀. Àbúrò mi wá yí ojú sí i.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú," ó ní. "Mo ti gbà á. Ẹ bá mi fi ti rọ́bà yẹn."

Ọmọ́wùnmí wò mí. Mo wo Àfáà. Ọmọ́wùnmí bá lọ fọ ọwọ́ ẹ̀. Ó fọ̀ ọ́ pẹ́, bó ṣe máa ń fọ̀ ọ́. Ó fi ìbomú bo ẹnu, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ṣí báńdéèjì, ó fi sípíríìtì nu ẹnu rọ́bà méjèèjì títí ó fi mọ́. Ó fa hẹpárìnì sínú sìríńjì, ó sì fi ti ẹnu kìíní. Mo rí àtàǹpàkò ẹ̀ tó ń tì í díẹ̀díẹ̀. Oògùn kò wọlé. Ó dán ẹnu kejì wò, kò wọlé. Ó rọra fi owú nu èyí tó kán sílẹ̀ láyà Sírá, ó dé ọmọrí padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbàdúrà ẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Mo ti tì í, Bàbá Ràfátù," ó ní. "Ó wọlé dáadáa."

Sírá ní àmín. Ó ní ẹ ṣé gan-an. Ojú ẹ̀ wá rọlẹ̀ bí ojú ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ látorí òrùlé tí iṣẹ́ sì ti parí. Èmi Àdìzát, tí gbogbo ọjà Ṣàngó mọ̀ pé mo lẹ́nu, mo mú abẹ̀bẹ̀ mi, mo ń fẹ́ ẹ lọ. Mi ò sọ nǹkan kan.

Ó kú kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. A sin ín sí Ìjù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀ tí kò tíì ní òrùlé.